Ẹ Má Fi Ìjà Òde Bo Ìjà Inú Olú Ẹ̀dá Ìtàn Mọ́lẹ̀

Nínú ìwé eré ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ fíìmù, ìta ni gbogbo wàhálà olú ẹ̀dá ìtàn ti ń wá. Ọ̀tá ń lé e, ọlọ́pàá ń wá a, àbúrò bàbá rẹ̀ ń du ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí ohun tó ń bá ara rẹ̀ fà. Bí wọ́n bá ti mú ọ̀tá, eré parí.

Èyí tó burú jù ni kí ẹ máa wá ẹni tí ẹ ó di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ó jalè, àṣé oògùn ni wọ́n fi mú un. Ó dalẹ̀ ọ̀rẹ́, àṣé ayé ló ń ṣe é. Kí ló wá kù tí a ó máa wò? Ẹni tí kò rí nǹkan yàn, a lè káàánú rẹ̀, ṣùgbọ́n a ò ní bá a ronú.

Wọlé Ṣóyínká ti kìlọ̀ nípa irú èyí. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú Death and the King's Horseman, ìwé eré orí ìtàgé tó jáde ní 1975, ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ eré náà di ìjà àṣà dúdú àti funfun. Ọ̀rọ̀ òyìnbó amúnisìn kàn ṣáná sí i ni. Ẹ wo bó ṣe tò ó. Ọba ti kú, Ẹlẹ́ṣin, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó ẹṣin ọba, gbọ́dọ̀ kú tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí àṣà, ọjà ń yìn ín. Kí òyìnbó kankan tó yọjú, ojú Ẹlẹ́ṣin ti lọ sára ọmọge kan, ó ní òun fẹ́ ẹ. Ìyálọ́jà gbà, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún un. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Pilkings, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, fi máa ní kí wọ́n mú un, adùn ayé ti dè é lẹ́sẹ̀. Ẹlẹ́ṣin fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ fún ọmọge tó fẹ́ náà pé kì í ṣe òyìnbó nìkan ló dá òun dúró. Ẹ yọ ọmọge yẹn kúrò, ẹni tí ìjọba tì mọ́lé lásán ló kù.

Àwọn òǹkọ̀wé mìíràn fi ìjà inú sí i, ṣùgbọ́n wọ́n wá ní kí ẹ̀dá ìtàn dúró síwájú dígí kó máa rò ó sókè. Ká ní akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni, tí ìyá rẹ̀ nílò iṣẹ́ abẹ. Ẹ jẹ́ ká rí i tó ka owó ẹgbẹ́, tó yọ ìdì kan sápò, tó dá a padà, tó tún yọ ọ́. Kí ìyá aláta kan wọlé wá san owó ẹgbẹ́ tiẹ̀, kó sì máa ṣàdúrà fún ìyá akápò. Owó ṣì wà lápò.

Bó bá jẹ́ mọ́tò ló fẹ́ fi owó náà rà, olè ni, ọ̀rọ̀ tán. Ohun méjèèjì tó ń fà á, ẹ̀mí ìyá rẹ̀ àti ìgbẹ́kẹ̀lé ẹgbẹ́, gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí èèyàn gidi kò ní fẹ́ pàdánù.

Ẹ má sì lé ìjà òde dànù. Òun ni kò ní jẹ́ kó ráyè jókòó máa ronú: dókítà ń béèrè owó lónìí, ẹgbẹ́ ń yẹ ìwé wò lọ́la.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ẹ̀gbọ́n ìlú òyìnbó tó máa ń fowó ránṣẹ́ kí akápò tó pinnu. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yàn. Bí owó bá dé lẹ́yìn tó ti jí ti ẹgbẹ́, àánú rẹ̀ á ṣe wá, a ó sì tún bínú sí i.