Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú dídá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ elédè Nahuatl sílẹ̀ nínú ìtàn àròsọ

Àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ wa, àti àwọn tí wọ́n ń ṣe géèmù, ti ń dá orílẹ̀-èdè tí kò sí láyé rí sílẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì fẹ́ràn láti fi èdè Nahuatl, èdè àwọn Mexica tí ayé ń pè ní Aztec, tí wọ́n gbé ní ilẹ̀ Mẹ́síkò òní, sí àwọn ará ilẹ̀ náà lẹ́nu. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ìyẹ́ ẹyẹ àti ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kó síwájú. Wọn kì í béèrè ohun tí ọmọ ogun náà jẹ, ẹni tí ó bá a ru ẹrù, àti ibi tí ó ti kọ́ ogun jíjà.

Àṣìṣe tí ó burú jù lójú mi ni kí a rò pé àwọn tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan gbọ́dọ̀ jọ wà lábẹ́ àsíá kan. Ní 1428, ìlú mẹ́ta, Tenochtitlan (olú-ìlú àwọn Mexica), Texcoco àti Tlacopan, pawọ́ pọ̀ ṣẹ́gun ìlú Azcapotzalco, wọ́n sì di alágbára ilẹ̀ náà. Síbẹ̀, ilẹ̀ Tlaxcala, tí òun náà ń sọ Nahuatl, kò tẹrí ba fún wọn. Nígbà tí Hernán Cortés, ọ̀gágun ará Sípéènì, dé ní 1519, Tlaxcala kọ́kọ́ bá a jà, lẹ́yìn náà ni ó bá a ṣọ̀rẹ́, àwọn ọmọ ogun Tlaxcala àti ti àwọn ìlú mìíràn tí inú ń bí sí Tenochtitlan ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n dó ti ìlú náà títí ó fi ṣubú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 1521. Àrùn ìgbóná ti wọlé ṣáájú ìgbà yẹn, ó sì ti pa ọba wọn, Cuitlahuac, ní 1520. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ bí ẹni pé òyìnbó díẹ̀ ni wọ́n dá ogun náà ṣẹ́ ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rẹ́ kúrò nínú ìtàn, orílẹ̀-èdè àròsọ tí ó bá sì gbé ka irú èrò bẹ́ẹ̀ kò ní ní ọ̀tá kankan tí ó gbọ́ èdè rẹ̀, tí ó sì ń bọ òrìṣà kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Àwa tí a dàgbà sínú ìtàn àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ máa ń yára fún ọmọ ogun ní ẹṣin, bẹ́ẹ̀ ẹṣin kan kò sí ní ilẹ̀ náà kí àwọn ará Sípéènì tó dé, kò sí màlúù, kò sì sí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Aláàárù tí wọ́n ń pè ní tlameme ni ó ń fi okùn tí ó gba iwájú orí gbé ẹrù sẹ́yìn, nǹkan bíi kílógíráàmù 23 fún ẹnì kan, òun náà sì ń jẹ nínú oúnjẹ ojú ogun. Èyí ni ó ń pinnu bí ogun ṣe lè jìnnà tó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dúró kí wọ́n kórè àgbàdo tán, kí òjò dá, kí ojú ọ̀nà sì gbẹ, kí wọ́n tó jáde lọ. Àwọn ìlú tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn sì gbọ́dọ̀ ti pèsè oúnjẹ sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà. Òǹkọ̀wé tí ó bá jẹ́ kí ẹgbàárin jagunjagun rin ìrìn oṣù méjì láìmẹ́nu ba oúnjẹ ti ba ìtàn rẹ̀ jẹ́ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀.

Mo dìídì lo ẹgbàárin, nítorí pé 8,000 gan-an ni xiquipilli, ìpín ogun ńlá wọn. Ogún, irinwó àti ẹgbàárin ni òpó ìṣirò wọn. Kò yẹ kí òǹkọ̀wé Yorùbá, tí èdè tirẹ̀ náà ń fi ogún ṣírò, máa pín irú àwọn jagunjagun bẹ́ẹ̀ sí mẹ́wàá-mẹ́wàá àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún bíi ti àwọn ará Róòmù.

Ní ti ohun ìjà, ẹ má ṣe sọ macuahuitl di kùmọ̀ lásán, ẹ má sì sọ ọ́ di idà irin. Igi líle pẹlẹbẹ ni. Wọ́n á gbẹ́ ojú tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí rẹ̀ méjèèjì, wọ́n á to abẹ òkúta obsidian sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi oje igi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Inú òkè ayọnáyèéfín ni òkúta náà ti ń wá. Ó dúdú, ó ń dán bíi dígí, ó mú gan-an, ṣùgbọ́n ó máa ń fọ́ bí ó bá kọlu ohun líle. Kí ọwọ́ tó kan macuahuitl, kànnàkànnà, ọfà àti ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi igi atlatl jù ni wọ́n fi ń ṣí ìjà. Ẹ̀wù òwú tí wọ́n rán nípọn, ichcahuipilli, ni ó ń dáàbò bo àyà wọn, ó sì dára débi pé àwọn ará Sípéènì pàápàá wọ̀ ọ́. Ẹ má gbàgbé omi: inú adágún ni Tenochtitlan wà, ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ni wọ́n fi ń jà níbẹ̀, èyí ni ó sì mú kí Cortés kan ọkọ̀ ojú omi 13 kí ó tó lè dó tì wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìgbèkùn ni ó gba sùúrù jù. Lóòótọ́ ni wọ́n ń fi ènìyàn rúbọ, kò sì yẹ kí a fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ohun mìíràn kò tíì lóye ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà. Iye ènìyàn tí jagunjagun bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú láàyè ni wọ́n fi ń gbé e ga. Nínú ìwé alàwòrán tí a mọ̀ sí Codex Mendoza, a rí bí aṣọ ṣe ń yí padà láti ara ẹni tí ó mú ẹyọ kan títí dé ara ẹni tí ó mú mẹ́rin, tí ó wá ń wọ aṣọ jaguar, ẹranko tí ó jọ ẹkùn. Ọmọ àgbẹ̀ tí ó kọ́ ogun ní telpochcalli, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdúgbò rẹ̀, lè tipa bẹ́ẹ̀ di ẹni ńlá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, calmecac, ni àwọn ọmọ ọlọ́lá ń lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe wọ aṣọ idì tàbí ti jaguar fún gbogbo ọmọ ogun.

Bí ìtàn yín bá wáyé ní òde òní, ẹ má ṣe kọ ọ́ bí ẹni pé èdè náà kú ní 1521. Àwọn tí ó ń sọ Nahuatl ní Mẹ́síkò lónìí lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1918, Emiliano Zapata, ọ̀gágun àwọn àgbẹ̀ Mẹ́síkò, tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń fi ìbọn jà nítorí ilẹ̀ oko, kọ ìkéde ní èdè Nahuatl sí àwọn jagunjagun tí wọ́n ti tẹ̀lé ọ̀gágun mìíràn, Domingo Arenas, ní agbègbè Tlaxcala àti Puebla, ó rọ̀ wọ́n kí wọ́n wá dara pọ̀ mọ́ òun. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n gbé ìbọn yìí, tí ọ̀gágun ń fi èdè ilé wọn bá sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀, sún mọ́ ọmọ ogun orílẹ̀-èdè tí ẹ ń wá ju ẹni tí ó gbé asà oníyẹ̀ẹ́ lọ.