Bí a ṣe tún ìwé ìbéèrè làkúrègbé ọmọdé ṣe fún àwọn ìyá ní Jeddah

Ìwé ìbéèrè CHAQ ni àwọn dókítà fi ń mọ bí làkúrègbé ṣe ń dí ọmọdé lọ́wọ́ nílé. Ìbéèrè 30 ló wà nínú rẹ̀, lábẹ́ ìsọ̀rí 8, láti orí aṣọ wíwọ̀ dé orí eré. Òbí ni yóò sọ bí nǹkan ṣe rí láàárín ọ̀sẹ̀ tó kọjá: 0 bí kò bá nira rárá, 3 bí ọmọ kò bá lè ṣe é.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Jeddah. Ilé kéú ní Ìlọrin ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ Lárúbáwá, ìyẹn ni wọ́n ṣe pè mí sí iṣẹ́ títúmọ̀ ìwé náà láti Gẹ̀ẹ́sì sí Lárúbáwá. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ló túmọ̀ ìwé: ẹni méjì ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a pa á pọ̀ di ọ̀kan, àwọn mìíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rí sì dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì kí a lè rí ibi tó ti yẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti jókòó ti àwọn ìyá, kí n gbọ́ bí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ṣe yé wọn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìbéèrè kan ní, ṣé ọmọ lè gé ẹran rẹ̀ fúnra rẹ̀? Nílé wọn, ilẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí yí àwo ńlá kabsa, ìyẹn ìrẹsì ẹlẹ́ran, ká, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń jẹun. Ìyá kan tí ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ wú sàmì sí "kò kàn wá". Bẹ́ẹ̀, ohun tí ọjọ́ orí ọmọ kò tíì tó ni àmì yẹn wà fún. Ọmọ náà kò lè ya ẹran kúrò lára egungun, ìwé wa kò sì rí i. A fi fífi ọwọ́ ya ẹran kún ìbéèrè náà.

Ìlà tí òbí ń sàmì ìrora sí náà gba àríyànjiyàn. Ọwọ́ ọ̀tún ni Lárúbáwá ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí 0, ìyẹn àìsí ìrora, bá wà lápá òsì bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, ìyá lè sàmì sí òdìkejì ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. A yí ìlà náà padà.

Àwọn ìyá fúnra wọn ló mú ọ̀rọ̀ ìrun wá: orúnkún tó wú kì í jẹ́ kí ọmọ forí kanlẹ̀. Ó wù mí gan-an kó wọ ìwé, ṣùgbọ́n mo gbà pé kò yẹ. Nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn tó burú jù là ń kà. Bí a bá fi ìrun kún un, òǹkà ọmọ Jeddah lè ga ju ti ọmọ ilẹ̀ mìíràn tó ń lo ìwé kan náà, bíi Ítálì, tí àìsàn wọn dọ́gba. Ojú ìwé ọ̀tọ̀ la kọ ọ́ sí, láìka máàkì rẹ̀ mọ́ ọn.

Bí o bá bi ìyá léèrè ara ọmọ, "Alhamdulillah" ni yóò kọ́kọ́ sọ, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ìlọrin. Mo máa ń ṣe àmín sí i, kí n tó béèrè ẹni tó bá ọmọ de bọ́tìnnì láàárọ̀ yẹn. Ìgbà náà ni àlàyé ń bẹ̀rẹ̀. A kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sínú ìlànà àwọn nọ́ọ̀sì tí yóò máa fún àwọn òbí ní ìwé náà.