Ọjọ́ 23 pẹ̀lú èkúté tó lóyún

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ojú ara mi rí: bí èkúté bá lóyún, ta ni ń pèsè progesterone, họ́mónù tí kì í jẹ́ kí oyún wálẹ̀? Ti obìnrin ti yé mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ keje sí ìkẹsàn-án ni ibi ọmọ máa ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ilé ẹyin.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo kó akọ pọ̀ mọ́ abo fún òru mẹ́rin, òru àkọ́kọ́ ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Nígbà tí mo ṣí inú àwọn tí mo pè ní ẹgbẹ́ kan náà, ọmọ inú ọ̀kan ti ní ìka, ti èkejì kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Inú mi bàjẹ́ gan-an, torí ẹ̀mí la fi ṣòfò yẹn. Bàbá tó ń tọ́jú àwọn ẹran náà wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, wọn kì í gùn lọ́jọ́ kan náà. Àràárọ̀ ni kó o máa yẹ̀ wọ́n wò."

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, màá kán omi iyọ̀ díẹ̀ sí ojú ara abo kọ̀ọ̀kan, màá fà á padà, màá sì wò ó lábẹ́ máíkírósíkópù. Irúgbìn akọ èkúté kì í ṣòro dá mọ̀: orí rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Àárọ̀ tí mo bá rí i ni ọjọ́ 1.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Gígùn tí akọ gùn abo yẹn fúnra rẹ̀ ló ń ta ọpọlọ jí, tí pituitary, ẹ̀yà ara kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ, fi ń tú họ́mónù tó ń jẹ́ prolactin jáde lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Prolactin yìí ló ń sọ fún ilé ẹyin pé kó má dáwọ́ progesterone dúró. Tó bá yá, ibi ọmọ á gba ọ̀rọ̀ náà sọ: àwọn sẹ́ẹ̀lì ńláńlá inú rẹ̀ á máa ṣe placental lactogen, họ́mónù tó jọ prolactin débi pé ilé ẹyin kò mọ ìyàtọ̀. Bí wọ́n bá yọ pituitary lẹ́yìn ìdajì oyún, oyún á dúró. Bí wọ́n bá yọ ilé ẹyin, ìgbàkígbà tó wù kó jẹ́, oyún á bàjẹ́. Ibi ọmọ èkúté ń ránṣẹ́ ni, ilé ẹyin ló ń jẹ́ ẹ.

Ewúrẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀: ilé ẹyin ló ń gbé oyún rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ti àgùntàn yàtọ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ 50, ibi ọmọ rẹ̀ ti tó dá dúró. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà kí ẹnikẹ́ni mú àbájáde oògùn lára èkúté, kó sì gbé e lé aboyún lórí láìbéèrè.

Lọ́jọ́ 18, mo yọ ibi ọmọ díẹ̀ sórí yìnyín. Apá tó kọjú sí ọmọ pọ́n bí ẹ̀dọ̀ tútù; apá tó kọjú sí ìyá kò pọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu fọ́sẹ́ẹ̀pù tó mú ni mo fi ń bó wọn kúrò lára ara wọn, bí ẹni ń bó èèpo ọsàn wẹ́wẹ́.

Àwọn tí mi ò ṣí inú wọn, ẹ̀jẹ̀ ìrù ni mo ń gbà. Progesterone wọn ga títí di ọjọ́ 18. Lọ́jọ́ 21, ó ti já wálẹ̀ pátápátá. Ti obìnrin kì í já bẹ́ẹ̀ kó tó rọbí.

Láàárọ̀ ọjọ́ 23, ọmọ mọ́kànlá ló wà nínú koríko ọ̀kan nínú wọn. Nílé wa, a máa ń rì ibi ọmọ mọ́lẹ̀ ni. Èkúté yìí ti jẹ gbogbo tirẹ̀ tán kí n tó dé.