Bí Kámẹ́rà Bá Rí Ènìyàn Tí Iná Kò Tàn: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Ilé àti Ọgbà Adìẹ ní Abẹ́òkúta

Ẹ ti ra kámẹ́rà, ẹ ti gbé e kọ́ sí ẹnu géètì, ẹ sì ti pàṣẹ lórí fóònù pé bí ènìyàn bá yọjú lóru, kí gílóòbù ẹ̀yìnkùlé tó ń lo Wi-Fi tàn, kí fóònù yín sì dún. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lóru ọjọ́ kan, ẹnìkan gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá, iná kò tàn, fóònù kò dún.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé ká pa gbogbo ètò inú rẹ̀ rẹ́, kó padà sí bó ṣe rí nígbà tó wà nínú páálí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Mo ṣe é rí nílé tèmi ní Ìbarà. Odidi òru kan ni mo fi tún gbogbo rẹ̀ so pọ̀, kí n tó rí i pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló pa súwíìṣì ara ògiri nígbà tó ń lọ sùn. Gílóòbù tí iná kò dé ara rẹ̀ kò lè gbọ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ti já

Ohun mẹ́ta ló di ara wọn mú: ojú tó ń ríran, ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà, àti ọwọ́ tó ń tan iná. Kámẹ́rà ni ojú. Wi-Fi, íntánẹ́ẹ̀tì àti áàpù ni ọ̀nà. Gílóòbù tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ọwọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọwọ́, òun ló yá yẹ̀ wò jù. Ẹ ṣí áàpù, ẹ fúnra yín tan gílóòbù náà. Bí kò bá tàn, ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀, kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bó bá tàn, ẹ lọ síbi tí ẹ kọ àṣẹ yín sí nínú áàpù, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń mú un ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí iná bá tún tàn, ó ku kámẹ́rà nìkan. Ẹ rán ọmọ kan kó rìn kọjá níwájú rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá àwòrán ọmọ náà wọlé.

Nígbà tí NEPA bá mú iná lọ

Ibí gan-an ni wàhálà tiwa pọ̀ sí. Ìwé kékeré inú páálí kò sọ ọ́, nítorí ìlú tí iná kì í lọ ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n kọ ọ́.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, kámẹ́rà àti ráútà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún ilé ní Wi-Fi, wà lórí ínfátà, ṣùgbọ́n gílóòbù ẹ̀yìnkùlé wà lórí wáyà NEPA. Bí iná bá lọ, kámẹ́rà ń rí olè kedere, ó ń ránṣẹ́, kò sì sí ẹni tó máa jẹ́ ẹ. Ẹ pe oníṣẹ́ iná yín kó fa wáyà gílóòbù yẹn sórí ínfátà. Gílóòbù kan ṣoṣo tí kò ju wáàtì 10 lọ kò ní fa bátìrì tán. Bí ẹ kò bá ní ínfátà, ẹ kọ́kọ́ wá bátìrì kékeré fún ráútà, nítorí bí ráútà bá kú, ọ̀nà ti dí nìyẹn.

Bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ ní sùúrù ìṣẹ́jú márùn-ún. Gílóòbù máa ń jí kíákíá, ṣùgbọ́n ráútà lè pẹ́ díẹ̀, gílóòbù mìíràn á sì wá Wi-Fi títí á fi jáwọ́. Bí ẹ bá dúró tí kò tíì so, ẹ pa á lára ògiri fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ tún tan án. Ẹ sì yẹ inú áàpù wò fún ibi tí wọ́n ti ń bi yín pé kí gílóòbù ṣe kí ni bí iná bá padà dé. Ẹ yan èyí tó máa jẹ́ kó rántí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa tàn gbòò ní aago méjì òru nígbàkigbà tí iná bá dé.

Aago tó ń tan àṣẹ jẹ

Nígbà mìíràn, iná tó yẹ kó máa gbọ́ àṣẹ láti aago méje alẹ́ á máa gbọ́ ọ lọ́sàn-án gangan, bí òru bá wá jìn, kò ní dáhùn mọ́. Kámẹ́rà náà kò bàjẹ́. Ó lè jẹ́ aago Ṣáínà ló ṣì wà nínú rẹ̀, èyí tó fi wákàtí méje ṣáájú tiwa. Aago méje alẹ́ tiwọn ni aago méjìlá ọ̀sán tiwa. Ẹ lọ síbi àtòjọ ìlú nínú áàpù, ẹ yan Lagos. Bí ẹ bá fẹ́ kí àṣẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀, ẹ lo ètò ìwọ̀-oòrùn dípò wákàtí kan pàtó, nítorí bó ṣe ń ṣú ní oṣù kọkànlá kọ́ ló ń ṣú ní oṣù keje.

Àpáta àti páànù

Àpáta bí Olúmọ tó gba àwọn baba wa sábẹ́ ní 1830 kì í jẹ́ kí Wi-Fi kọjá. Ògiri tó nípọn ní àwọn agboolé àtijọ́ ní Aké ń dín in kù, páànù sì burú jù. Ẹ so gílóòbù àti kámẹ́rà mọ́ Wi-Fi 2.4 GHz, kì í ṣe 5 GHz. Èyí àkọ́kọ́ ló máa ń la ògiri já dáadáa, òun nìkan sì ni ọ̀pọ̀ gílóòbù mọ̀.

Ẹ rántí dátà. Bó bá tán, ọ̀pọ̀ àṣẹ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí òkè òkun ni iṣẹ́ náà ń gbà lọ kó tó padà sí ẹ̀yìnkùlé yín.

Bí ojú bá ń rí ohun tí kò yẹ

Aláǹtakùn fẹ́ràn ẹnu kámẹ́rà lálẹ́, nítorí kòkòrò máa ń pọ̀ níbẹ̀. Okùn rẹ̀ tó ń mì ni kámẹ́rà ń pè ní ènìyàn. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní àsìkò ọyẹ́ pàápàá. Kámẹ́rà tó ń fi ooru ara mọ ènìyàn a máa rí ẹni tó gba iwájú rẹ̀ kọjá ju ẹni tó ń bọ̀ tààrà lọ, nítorí náà, ẹ gbé e kọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ ẹlẹ́yin lọ́nà Alábàtà, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí gílóòbù kámẹ́rà kọjú sí ilé adìẹ. Ìmọ́lẹ̀ bíi wákàtí 16 lóòjọ́ ni adìẹ ń lò láti yé, ó sì fẹ́ kí òkùnkùn rẹ̀ dúró lójú kan. Bí eku bá ń tan iná sí i lójú lóru, ara rẹ̀ ò ní balẹ̀, ẹyin lè dín. Ẹ kọjú iná sí ọgbà. Ẹ má sì so iná tó ń mú òròmọdìyẹ móoru mọ́ irú àṣẹ yìí láé.

Bí áàpù méjì bá wà

Bí ẹ bá so áàpù kámẹ́rà mọ́ Google Home, áàpù tó ń darí ohun èlò ilé pọ̀, tí ẹ sì pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà kámẹ́rà, ìsopọ̀ náà lè já láìsọ fún yín. Ẹ tú ìyẹn nìkan, kí ẹ tún un so. Bí iná ń tàn ṣùgbọ́n tí fóònù kò dún, ẹ yọ áàpù náà kúrò lára àwọn tí fóònù ń dá dúró láti fi ṣọ́ bátìrì lò.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ gílóòbù kọ̀ọ̀kan àti wáyà tó wà lórí rẹ̀ sí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kí ẹni tó bá wà nílé lọ́jọ́ tí ẹ rìnrìn-àjò lè mọ ibi tó máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò.