Bí a ṣe ń tú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe àtijọ́ inú Bíbélì King James

Ẹ ṣí Bíbélì King James sílẹ̀, kí ẹ gbé ti Yorùbá tì í. Ọdún 1611 ni ti Gẹ̀ẹ́sì náà jáde, bó ṣe ń sọ ohun tó ti kọjá sì yàtọ̀ sí ti òde òní.

Fáwẹ̀lì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Níbi tí wọ́n ti ń kọ o lónìí, a ló sábà máa ń wà níbẹ̀: spake ni spoke, sware ni swore, drave ni drove, gat ni got. Ẹ fi o rọ́pò a, ó parí. Èyí tó bá jọ ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń ṣini lọ́nà. Brake kì í ṣe bíréèkì ọkọ̀, broke ni. Bare inú Jẹ́nẹ́sísì 4:1 kò sì kan ìhòòhò, Éfà ló bí Kéènì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìparí ọ̀rọ̀. Builded inú Jẹ́nẹ́sísì 4:17 ni built, digged inú 26:18 ni dug. Ẹ má pe digged ní àṣìṣe ọmọdé o. Òun gan-an ni ẹ̀gbọ́n, dug ló dé lẹ́yìn. Bí hath bá ṣáájú holpen, bíi ti Lúùkù 1:54, helped ni. Did eat inú Jẹ́nẹ́sísì 3:6 kò tẹnu mọ́ nǹkan kan. Ate lásán ni.

Àwọn tó kù, àfi kí ẹ há wọn sórí. Wist ni knew: Mósè kò mọ̀ pé ojú òun ń dán, Ẹ́kísódù 34:29. Sod wá láti ara seethe: Jékọ́bù se ọbẹ̀. Chode wá láti ara chide: ó bá Lábánì sọ̀.

Clave ló léwu jù, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wọ aṣọ kan náà. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 22:3, Ábúráhámù la igi. Nínú Rúùtù 1:14, Rúùtù fà mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Bí unto tàbí to bá tẹ̀ lé e, fífà mọ́ ni. Bí igi tàbí àpáta bá tẹ̀ lé e ní tààrà, lílà ni. Bó bá ṣì rú yín lójú, ẹ wo ẹsẹ kan náà nínú ti Yorùbá.

Ẹ má gbé ìkankan nínú wọn wọ yàrá ìdánwò. Gotten wà nínú Jẹ́nẹ́sísì 4:1, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń lò ó títí dòní, àmọ́ got ni ti Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Bìrìtìkó. I seen àti he done ní tiwọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ Bíbélì rárá. Ẹnu àwọn ará àdúgbò kan nílùú òyìnbó ni wọ́n wà. Nínú ìwé kíkọ, bí have, has, had tàbí ọ̀rọ̀ bíi is, was àti be kò bá ṣáájú seen, saw ni kí ẹ kọ. Bí kò bá ṣáájú done, ẹ kọ did.