Ìbọn G11: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ìtàn Rẹ̀

Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé G11, ìbọn tí Heckler & Koch ṣe ní Oberndorf ní Jámánì, ń yin ọta 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá yí i sí ọta mẹ́ta-mẹ́ta nìkan ni eré rẹ̀ ń ju 2,000 lọ. Bí wọ́n bá yí i sí yíyìn léraléra, nǹkan bí 460 péré ni.

Inú ike tó bò ó ni ìdí rẹ̀ wà. Ọ̀pá ìbọn, ibi tí ọta ń jókòó sí àti àpótí ọta ló jọ ń sún sẹ́yìn pọ̀. Kí wọ́n tó kan ẹ̀yìn, ọta mẹ́ta ti jáde, ìgbà yẹn ni èjìká ọmọ ogun ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni pé kò ta èjìká rárá. Ó ń ta; ó kàn ń pẹ́ dé ni, ọta ti lọ kí ojú ìbọn tó yẹ̀.

Ọta rẹ̀ ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà jù. Kò ní èèpo idẹ: ẹ̀tù tí wọ́n fún pọ̀ bíi ṣọ́ọ̀kì onígun mẹ́rin ni, orí ọta tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 4.73 mm sì rì sínú rẹ̀. Àpótí náà dùbúlẹ̀ sórí ọ̀pá ìbọn, ọta 45 tàbí 50 wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn dorí kodò. Ọ̀kan á já bọ́ sínú ihò tó ń yí, ihò náà á yí ìdá mẹ́rin àyíká títí yóò fi bá ọ̀pá dọ́gba, ó di gbàù!

Àwọn kan rò pé ẹrù lásán ni èèpo idẹ. Rárá o. Ó ń dá ẹ̀tù sí kúrò lára irin gbígbóná, ó sì ń kó ooru lọ nígbà tó bá fò jáde. Láìsí i, ooru ń kó jọ sínú ìbọn, ọta sì ń bẹ́ láìfà tírígà. Ìyẹn ló kó bá G11 nínú ìdánwò NATO, àjọṣe ológun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn, ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ooru ló pa iṣẹ́ ìbọn náà ti dá ìtàn dúró lágbedeméjì: Dynamit Nobel, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọta náà, pààrọ̀ ẹ̀tù rẹ̀ sí irú èyí tí kì í gbaná kíákíá, ìwọ̀n ooru tó lè mú un gbaná sì fi bí 100 °C ga sí i.

Ẹ má sì di ẹ̀bi ru àwọn Amẹ́ríkà. Nínú ìdánwò wọn ti 1989 sí 1990, wọ́n fẹ́ ìbọn tó máa dára ní ìlọ́po méjì ju M16A2, ìbọn àwọn ọmọ ogun wọn nígbà náà, lọ. Ìbọn mẹ́rin ló wọ̀ ọ́, G11 wà lára wọn, kò sí èyí tó kógo já.

Owó àti òṣèlú ló pa G11. Jámánì méjèèjì di ọ̀kan ní 1990, ìnáwó yẹn wúwo, ọ̀tá tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe ìbọn, ìyẹn Soviet àti àwọn alájọṣe rẹ̀, sì ti ń tú ká. Ọta rẹ̀ kò tún bá ti àwọn alájọṣe NATO mu. Nǹkan bí 1,000 ni wọ́n ṣe. Ìbọn tí àwọn ọmọ ogun Jámánì padà gbà, G36, ọta 5.56 mm ló ń jẹ, eléèpo idẹ.