Òru kan lórí odò Àsà: bí mo ṣe ṣọ́ ẹyẹ àti ẹranko inú omi

Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹranko odò, kó fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Àjẹ̀ ni mo fi tukọ̀ lórí odò Àsà, lókè ibi tí wọ́n ti sé e fún omi ẹ̀rọ Ìlọrin, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Bàbá apẹja kan tó mọ odò náà ló bá mi lọ. Irú ìrìn báyìí kì í ṣe àdánìkànrìn. A wọ ẹ̀wù tí í jẹ́ kéèyàn léfòó, a wọ bàtà òjò, torí àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ máa ń wà nínú omi tí ìgbín odò bá ń gbé. Mo fi ọ̀rá pupa bo ojú tọ́ọ̀ṣì, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má baà lé ẹranko.

Ìrọ̀lẹ́ la ṣí, lẹ́yìn tí Bàbá wo ojú ọ̀run tí wọ́n rí i pé òjò ò ṣú.

"Má yọ àjẹ̀ kúrò nínú omi tán," ni wọ́n wí. "Rọra yí i, kó o tún fà á."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

Omi ò ta pàrà mọ́. A gba etí odò, lábẹ́ òjìji igi, títí a fi dé ibi tí ojú oró àti òṣíbàtà bò. Ẹyẹ kan tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ ń rìn lórí ewé òṣíbàtà bí ẹni ń rìn lórí ẹní.

Ìdí ẹ̀ga ni mo ti pẹ́ jù. Ìtẹ́ wọn so jìgbìnnì lórí igi tó tẹ̀ sórí omi. Akọ ló ń hun ún. Mo rí ọ̀kan tó ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́, tó fi ẹsẹ̀ di ẹ̀ka mú, tó ń fi ẹnu ti imọ̀ náà wọlé, tó ń fà á yọ lódì kejì, títí ó fi ta kókó. Èkejì rẹ̀ ti parí tirẹ̀: ó dorí kodò lẹ́nu ọ̀nà ìtẹ́, nísàlẹ̀, ó ń gbọn apá, ó ń ké pe abo. Abo wọlé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fò lọ. Bí ewé bá gbẹ tí abo kankan ò gbà á, akọ náà á tú u, á tún òmíràn hun. Mo mọ̀ pé àgbẹ̀ ọkà bàbà ò fẹ́ràn ẹ̀ga, mi ò sì bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn yẹ ní wíwò.

A pàgọ́ sórí ilẹ̀ gíga, a ta nẹ́ẹ̀tì. Lóru, etí ló ń ṣiṣẹ́ ojú. Akọ kọ̀ǹkọ̀ ń ké pe abo níhà méjèèjì. Bí a bá mira, gbogbo wọn á dákẹ́, a ó sì jókòó jẹ́ẹ́ títí ọ̀kan á tún fi bẹ̀rẹ̀. Òòbẹ̀ ń kó kòkòrò lójú omi, tanná-tanná ń tàn nínú koríko.

Lẹ́yìn tí Bàbá kírun Àsùbáà, a tún wọ ọkọ̀. Lékèélékèé ò pọ̀ mọ́. Òjò ti dé, ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣípò lọ sí Òkè Ọya. Awọ́nrínwọ́n kan ń yáàrùn lórí àpáta, ó ń yọ ahọ́n oníméjì, ohun tó fi ń gbóòórùn. Ó jẹ́ ká sún mọ́ ọn dáadáa kó tó bọ́ sómi. Mo kọ orúkọ èyí tí mo mọ̀ sílẹ̀, mo ya àwòrán èyí tí mi ò mọ̀, a sì yí ọkọ̀ padà kí oòrùn tó mú.